Kọ́kọ́rọ́ Iná Orí Òkè

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ kẹta tí àwọn ará òdìkejì odò pa iná mọ́ wa lójú, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ lo ra pósí. Mo ní kí ẹni tó ń bá mi kọ̀wé fi ṣáájú ni, kí ọ̀rọ̀ yòókù lè rí ibi fẹ̀yìn tì.

Mo wá ń kí ọ báyìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ilé gíga tí ẹ̀ ń gùn lójoojúmọ́ bí ọ̀bọ yẹn ńkọ́? Àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń wá ẹ̀sùn sí ọ lẹ́sẹ̀, ẹ̀sùn tirẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ rí. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n òun àti èmi ti mọ ìwà ara wa.

Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ń kọ ìwé yìí. Ó ní òun máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe kó lè dùn. Mo ní rédíò ni kó máa tún ṣe, ọ̀rọ̀ tèmi kò bàjẹ́.

Sólà kékeré tí o fi ránṣẹ́ dé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ju ojú ológbò lọ, mo sì ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ ní ìlú ńlá. Ìgbà tí atúnrédíò wá yẹ̀ ẹ́ wò ló bá aṣọ tí mo fi bò ó lórí òrùlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. Ó ní oòrùn yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Mo ní ta ló sọ fún mi? Ohun tí ojú rẹ̀ jẹ́ dígí, tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ènìyàn wo ni kò ní ṣàánú rẹ̀? Mo ti ká aṣọ náà kúrò. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbé e wọlé tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí ìrì. Ó ní kò pọn dandan. Mo ní ó pọn dandan fún èmi tí mo ni ín.

Obìnrin télọ̀ tó wà níwájú ilé wa náà ní tirẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé nǹkan yìí ka orí òrùlé, aṣọ tí òun sá kì í tètè gbẹ mọ́, pé mo ń fa oòrùn àdúgbò mu. Ó bi mí bóyá mo rò pé bàbá mi ló ni oòrùn. Mo ní bàbá mi kò ní oòrùn, ṣùgbọ́n bàbá tirẹ̀ kò ní ojú ọ̀nà tó ta okùn aṣọ sí. Nígbà tó yá, mo yí dígí náà kọ ẹ̀yìn sí i kí ìjà lè parí, ó sì ní aṣọ òun ti ń gbẹ. N kò mọ ẹni tó jẹ òmùgọ̀ jù nínú àwa méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ pe akọ̀wé ni ti ilẹ̀ orí òkè tí a sin ìyá rẹ sí. O ti gbọ́ lórí fóònù pé mo fi yá àwọn onísólà, o sì ní kí n ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú mi. Ìyókù ni o kò gbọ́, nítorí fóònù yín máa ń já nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan eegun.

Orílẹ̀-èdè méjì ló wá bá mi nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń ṣe sólà kọ́kọ́ dé, mo ń pe ọ̀gá wọn ní Onídígí. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń yáni lówó dé láti orílẹ̀-èdè mìíràn, mo ń pe tiwọn ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rìn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ òkú. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí láti ọjọ́ ìsìnkú wá di ibi tí wọ́n ti ń du àga. Àga kan ni mo ní. Onídígí jókòó lórí rẹ̀, mo dojú garawa délẹ̀ fún èkejì. Onídígí rọra fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní kí n ṣọ́ra fún àwọn ayánilówó wọ̀nyẹn, pé ẹni tó bá jẹ gbèsè wọn, àwọn ni yóò máa sọ ìgbà tí yóò sín fún un. Kò pẹ́ ni Ẹlẹ́rìn-ín náà fà mí lọ sídìí kànga, ó ní kí n ṣọ́ra fún àwọn onídígí, pé bí ìdè kan bá já lára ọjà wọn, àwọn nìkan ló ní irú rẹ̀, a ó sì máa bẹ̀ wọ́n títí ayé. Mo gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìjọba wa ní kí wọ́n jọ ṣe é, kí ọ̀kan gbé dígí wá, kí èkejì gbé owó wá. Ẹlẹ́rìn-ín tún ní àwọn kan wà lókè òkun tó ń sanwó èéfín tí ènìyàn kò rú. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ṣòwò yẹn láìmọ̀, nítorí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, àárò ilé wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bá mi wádìí bóyá ó kọ ọ́ dáadáa.

Mo bi wọ́n pé ta ló fẹ́ lo iná tó pọ̀ tó báyìí. Onídígí bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ló wá sọ ọ́, pé díẹ̀ máa dúró lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ń sọdá odò, nítorí omi tí àwọn ará òdìkejì sé láti fi ṣe iná ti gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ará òdìkejì yẹn náà ni. Àwọn tí a ń ra iná lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú.

Ó yẹ kí n ti fura. Àwọn aṣọ́bodè wọn lórí afárá, àwọn tó máa ń da àpò àgbàdo mi sílẹ̀ láti wá ohun tí wọn kò sọnù, gbé àga fún mi lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n ní, Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ńkọ́? Ọjọ́ orí mi kò yí padà láti àná, àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá èmi ni mo ni òkè yẹn lóòótọ́, ó sì ru àpò mi dé òpin afárá. Atúnrédíò náà ní òun gbọ́ tí ọ̀gá wọn kan sọ lórí afẹ́fẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Nígbà tí olórí orílẹ̀-èdè wa kò dìde kí olórí tiwọn níbi ìpàdé ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n fi ìbínú pa iná, a kì í ṣe ọmọ ìyá nígbà yẹn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìyá rẹ nímú dákẹ́ ní ọsibítù. Epo jẹnẹrétọ̀ tán ní ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ẹni tó pa iná náà kò mọ̀ ọ́n, kò rí ojú rẹ̀ rí.

Nítorí náà ni mo ṣe ní n kò ní tẹ̀ka àfi tí Onídígí àti Ẹlẹ́rìn-ín bá fi ibi tí wọn yóò ti máa pa iná òkè náà hàn mí. Ẹnjiníà wọn ní inú kọ̀ǹpútà ló wà, ní olú ìlú, pé òmíràn wà ní ilẹ̀ Onídígí. Mo ní ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ mi, mo gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn abà rẹ̀. Mo ní orí òkè ni kí wọ́n ti máa pa iná òkè, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò mi. Wọ́n fi èdè wọn jà títí, lọ́yà wọn ń nu ojú. Wọ́n gbà níkẹyìn. Ìṣákọ́lẹ̀ tí mo sì gbà ni pé iná ọsibítù tiwa kò gbọ́dọ̀ kú, tọ̀sán tòru, nítorí bátìrì wọn ń tọ́jú oòrùn ọ̀sán de òru, wọ́n sì ti ń san án. Wọ́n ṣe ọgbà yí sàréè ìyá rẹ ká, dígí kankan kò ṣíji bò ó. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, irin kan wà nínú rẹ̀, bí o bá fà á wálẹ̀, iná tó ń sọdá odò dúró títí ẹnìkan yóò fi wá tì í padà. Atúnrédíò ní wọ́n fi ń tù mí lójú ni. Ẹnjiníà ní rárá, ó fà á níṣojú mi, gbogbo òdìkejì odò sì ṣókùnkùn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kí ó tó tì í padà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà. Mo gun òkè lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti ìyá rẹ. Láti ibẹ̀, ènìyàn ń rí òrùlé gígùn funfun kan lódìkejì odò, aṣọ wà lójú fèrèsé rẹ̀, àwọn ènìyàn ń lọ wọ́n ń bọ̀. Mo bi apẹja kan tó ń gòkè bọ̀ pé kí ni ibẹ̀ yẹn. Ó ní ọsibítù wọn ni.

Mo rò ó pé kí n fa irin náà fún ọjọ́ mẹ́ta péré, bí wọ́n ṣe ṣe sí wa, kò lé, kò dín. Àwọn àgbà ní ojú ló ń rójú ṣàánú. Ojú mi rí wọn, àánú kò wá. Mo wá inú ara mi títí bóyá nǹkan kan yóò dùn mí, kò sí. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Apẹja yẹn ló tún kí mi, ó ní, Bàbá, ẹ kú ìdúró, ẹja tútù wà ńbí o. Mo ra ẹja. N kò fẹ́ ẹja. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Atúnrédíò ní kí n má jẹ́ kí òun kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

N kò lè di kọ́kọ́rọ́ yìí mú. Àbúrò rẹ àgbà máa tà á. Àbúrò rẹ kékeré máa sọ ọ́ nù, yóò sì sọ pé òun kò rí i rí. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè méjì láti òdìkejì wá kí wa níbi ìsìnkú ìyá rẹ, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, ìwọ lo bu omi fún wọn pẹ̀lú omijé lójú rẹ. Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ yẹn. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ń fẹ́.

Bá mi fi owó ìpara orúnkún ránṣẹ́, àti owó àga kejì, nítorí kò dáa kí odindi orílẹ̀-èdè máa jókòó lórí garawa. Ilé rẹ kò ní ṣókùnkùn. Ẹni tó bá gbára lé ọ kò ní fi ọ́ sọkún, ìwọ náà kò ní fi ọmọ rẹ sọkún. Iwájú ni wàá máa lọ.

Ẹnjiníà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Tèmi ni awakọ̀ gbé fún ọ mọ́ ìwé yìí. Bí ó bá yẹ kó padà sọ́wọ́ wọn, ìwọ ni kí o dá a padà. Bí ó bá yẹ kó dúró lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó wà. Ìwọ ni àkọ́bí, mo ti gbé e lé ọ lọ́wọ́. Bí mo bá ránṣẹ́ pé kí o fi ránṣẹ́ sí mi, má dá mi lóhùn.

Èmi ni, bàbá rẹ.