Àwọn Aláriwo Mi àti Bàbá Pákó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Àbígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin mi, gbàgbé sípíkà rẹ̀ sí yàrá ìránṣọ mi. Mo fẹ́ pa á, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Gìtá ń dún bíi ẹni ń fa páànù ya. Ọkùnrin kan ń ké bíi ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ìranù gbáà ni. Orin parí — mo wá bá ara mi tí mò ń retí òmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àbígbẹ̀yìn ní rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin yẹn. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ́ olórin yẹn ti tú ká kí ẹ tó bí mi." Ẹ wo ayé mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òde, wọ́n ti ń kó àga.

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Gbogbo wọn: Àwọn Aláriwo. Akọrin: Ọ̀fun Gbígbẹ. Onílù: Alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ni tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọkọ mi, Bàbá Pákó, ti ọ̀dọ̀ dókítà elétí dé. Ohun tó kù nínú etí rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ ìlagi tó fi ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ti jẹ ìyókù. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń kì bọ etí, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ṣe ló ń hó sí òun létí.

Kì í ṣe etí rẹ̀ ló ń dùn mí, ẹnu rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ — ọbẹ̀ mi, ìhanrun mi, bí mo ṣe ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ — ó ti panu mọ́. Ó ní bí òun bá bú mi tí òun ò gbọ́ èsì, kí ni adùn ẹ̀? Àárò èébú ọkọ mi ń sọ mí. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kọ orin Aláriwo nínú balùwẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ní òun á bá mi bò ó láṣìírí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀ràn dé. Yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ni mò ń rán lọ́wọ́, ìlù Alágbẹ̀dẹ wọlé, ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ màṣíìnì bá a lọ. Ó sáré, mo sáré. Ìgbà tó fi máa dúró, mo ti rán ẹnu apá aṣọ pa pátápátá, mi ò sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọlé, kò jáde. Ó wò mí títí. "Màmá, ṣé ọwọ́ kan ni kí n máa fi gbé aláìsàn ni?"

Kí n tó tú u, mo gbé e lọ bá Bàbá Pákó. Láyé àtijọ́, á fi jẹun oṣù kan. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó dá a padà fún mi. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀. Mo gbé orin sókè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Tíṣà tó ń gbé lókè wa sọ̀ kalẹ̀. Ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá a ń wó ògiri ni. Mo ní orin ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Nítorí tirẹ̀, mo gbé sípíkà kúrò lára ògiri, mo gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Bàbá Pákó ló kàn án fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, pákó gidi, ó nípọn. Ni àlùmọ́gàjí mi bá ń jó lórí ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bàbá Pákó wọlé wá mú téèpù tí a fi ń wọn nǹkan, sípíkà ń dún lórí tábìlì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti tábìlì. Ó dúró. Ó wo pákó, ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ kejì lé e.

Mo yí i sí orin Alágbẹ̀dẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó, ó di ojú. "Ẹni tó ń lù yìí, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Gìtá kan wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wúwo." Mo tún mi orí. Omi ti gba ojú mi, mi ò nù ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lu ilẹ̀.

Orin parí. Ó mú téèpù, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí yá ju tìẹ lọ fíìfíì. Abájọ tí o fi rán apá nọ́ọ̀sì pa. Ìwọ pẹ́pẹ́yẹ, ìwọ lo fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáré."

Mo dá a lóhùn. Ó sún mọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi. "Tún un sọ, mi ò gbọ́."

Mo rọra la ẹnu, mo tún un sọ títí ó fi gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú. Èébú tí mo bú u ò ṣeé kọ síbí.