Pupa Tí Mo Kun Aṣọ Ajẹ́pè

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Afárá.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn báyìí, àbí ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń sùn? Àwọn ìbejì mi ńkọ́, èyí tó ń sọ̀rọ̀ jù àti èyí tó ń fi ojú sọ̀rọ̀? Bá mi gbá wọn mọ́ra kí o tó ka èyí tó kù. Èmi náà wà láàyè, mo sì ń jẹun. Bí ẹ̀wù mi ṣe ń há mọ́ mi lára sí i ni ẹ̀rí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà, ìbínú inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mo ní láti mu omi. O ní o rí i nínú ìwé ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ parí ìwé aláwòrán Ajẹ́pè, àti pé àwọn èèyàn ń sọ pé ṣe ni wọ́n máa pa á. O ní àwọn ìbejì gbọ́ nígbà tí o ń kà á fún ọkọ rẹ, àti pé látìgbà náà ni èyí tó ń fi ojú sọ̀rọ̀ kò ti fẹ́ kí wọ́n pa iná yàrá mọ́. O wá bi mí pé kí ni mo ń ṣe níbẹ̀ tí wọ́n fi fẹ́ pa ọmọ rẹ. Òótọ́ ni, ìwọ lo bí Ajẹ́pè. Ìwọ lo kọ́kọ́ yà á, ìwọ lo ní kí ó máa gbọ́ ẹnikẹ́ni tó bá pè é nínú ìṣòro, bó ti wù kí ibẹ̀ jìnnà tó, kódà bí ẹni náà bá rọra pè é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kùn ún láti ọjọ́ yìí wá. Bí ìwọ bá jẹ́ ìyá, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ tí mo ń wọṣọ fún un. Má kà mí mọ́ àwọn apànìyàn. Wá ibì kan jókòó sí, ka ìròyìn mi tán, kí o tó tún bínú.

Òótọ́ ni pé ọ̀gá wa kéde rẹ̀. Ìwé Ajẹ́pè kò tà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìwọ náà sì mọ bí iṣẹ́ ìwé aláwòrán ṣe rí lásìkò yìí. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń pa akọni tiwọn kí ariwo lè ta. Àwọn tó kọjú sí wa lódìkejì òpópónà pa Adìgbòlù, ọkùnrin wọn tó máa ń fi orí wó ògiri. Wọ́n sunkún lé e lórí fún odidi ìwé kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní kì í ṣe òun ló kú, ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ ni. Wọ́n tún pa á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún jí i. Nígbà tí wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá tó ń ta ìwé ní ìkóríta ní òun kò bá wọn dá sí i mọ́, pé òkú tí kì í pẹ́ nínú sàréè, kí ni wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní tiwọn ń kó gbogbo akọni wọn jọ sójú ewé kan ṣoṣo, orí sún mọ́ orí, ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n jọ ń dúró de ọkọ̀. Mo káàánú ẹni tó máa kun gbogbo aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n tiwa kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa ní bí Ajẹ́pè bá lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí ìbátan tó jọ ọ́. Ọ̀gá yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ìdí nìyí tí àyà mi fi já.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò rẹ, ayàwòrán onífìlà yẹn, ya ojú ewé tó kẹ́yìn tán, ó sì kó pẹ́ńsù rẹ̀ sọdá sọ́dọ̀ àwọn Adìgbòlù. N kò dá a lẹ́bi. Èmi náà ti ń bá ẹni tó ń kọ pátákó ìtajà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo ti ń rí ara mi lórí àkàbà, tí mò ń kun “Ibí Là Ń Tún Bàtà Ṣe” títí ọjọ́ alẹ́ mi.

Ṣé o rántí Bọ̀dá Pupa, bí wọ́n ṣe máa ń fi apá bo ìtàn tí wọ́n ń kọ, bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jí òun wò? Lọ́tẹ̀ yìí, ó burú sí i. Wọn kò fẹ́ kí ìwé ìròyìn gbọ́ bí ìtàn ṣe máa parí, nítorí náà wọ́n fún ayàwòrán ní bébà tirẹ̀, wọ́n fún èmi náà ní tèmi, kò sẹ́ni tó rí odindi. Ohun tó wà lórí bébà tèmi fún ojú ewé tó kẹ́yìn kò ju èyí lọ: “Ilẹ̀ ń mọ́. Ajẹ́pè dúró lórí òrùlé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Aṣọ rẹ̀ tó funfun ti di pupa látòkè délẹ̀.” Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n máa kọ sójú àwòrán náà. Mo pe Bọ̀dá Pupa lórí fóònù kí n lè bi wọ́n léèrè, fóònù wọn kò lọ, wọ́n ti gba ilé ẹ̀gbọ́n wọn lọ láti sinmi. Atẹ̀wé sì ti ń kan ilẹ̀kùn.

Mo wo àwòrán náà dáadáa. Ilẹ̀ ń mọ́ lóòótọ́. Ajẹ́pè ti ja ìjà rẹ̀ tán nínú èéfín, n kò sì rí ọgbẹ́ kankan tí wọ́n yà sí i lára. Ó dúró, ó la apá méjèèjì. Mo ti din ẹyin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pupa ẹyin náà ṣì wà lójú mi. Ni mo bá po ọ̀dà mi, mo sì kun aṣọ Ajẹ́pè bí pupa ẹyin, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bà lé èjìká rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo sunkún díẹ̀, torí mo rò pé a ti dágbére fún ara wa nìyẹn. Ìwé àyẹ̀wò tí atẹ̀wé fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Pupa nílé ẹ̀gbọ́n wọn, dúdú àti funfun lásán ni, wọn kò fi ọ̀dà ṣòfò sí i. Bọ̀dá wò ó, wọ́n ní ó dára.

O ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni Bọ̀dá Pupa ní lọ́kàn. Ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yà yẹn, aṣọ ló yẹ kó sọ ọ́ fún òǹkàwé pé Ajẹ́pè ń kú lọ lórí ìdúró. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ó dé inú mi, ó sì di odindi, àmọ́ odindi tèmi àti odindi ti Bọ̀dá kò jọra.

Ìwé jáde. Mo lọ sí ìkóríta, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan mìíràn. Ìyá tó ń ta ìwé kò tilẹ̀ ráyè kí mi. Àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ padà wá ra òmíràn fún àwọn ẹlòmíì, gbogbo wọn ló sì ń jiyàn. Ẹnì kan ní Ajẹ́pè ti di oòrùn. Ẹnì kan ní ó ti gba agbára tuntun. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sọ́wọ́ ní àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan, pé ṣe ni obìnrin náà sinmi, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lórí fóònù, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé ó kú.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wá yọ ohun tó parí iyàn gbogbo wọn. Ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ìwọ yà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìkẹyìn, ó ya fọ́tò méjèèjì, ó sì fi í ránṣẹ́ káàkiri. Ìborùn tí ìyá Ajẹ́pè fi pọ̀n ọ́n ní kékeré, nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, àwọ̀ kan náà ló ní pẹ̀lú aṣọ tuntun yìí. Tísà ní ọmọ náà kò kú, ìyá rẹ̀ ló wá tún un pọ̀n.

Mo ka ìyẹn, mo tún un kà. Ṣé o rántí? Ìborùn ìyá rẹ ni, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. O mú un wá síbí, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, o ní kí n po ọ̀dà tó bá a mu, a sì pò ó títí o fi ní ó tó. Mo búra fún ọ, n kò rántí rẹ̀ rárá nígbà tí mò ń kun ti ìkẹyìn yìí. Ọwọ́ mi ló rántí.

Ọ̀gá pe èmi àti Bọ̀dá Pupa jọ. Mo ti di àwọn búrọ́ọ̀ṣì mi sínú àpò kí n tó wọlé, kí n má baà tún padà wá kó wọn. Bọ̀dá Pupa kò jókòó. Wọ́n gbé ìwé náà sókè, wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ ni mo sọ. Ta ló rí ẹ̀jẹ̀ tó rí báyìí rí?”

Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́kàn yín, pupa ló wà lórí bébà.”

Wọ́n ní ọmọ kékeré mọ̀ pé aṣọ ẹni tó ja irú ìjà yẹn, tí wọ́n bá ní ó di pupa, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n má bínú, ìbéèrè kan ni mo ní. Mo ní, “Láti kékeré ni gbogbo ayé ti ń pè yín ní Pupa nítorí àwọ̀ ara yín. Ta ló da ẹ̀jẹ̀ lé yín lórí?”

Ọ̀gá gbé orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bọ̀dá Pupa kọ́kọ́ le ojú, ẹ̀rín sì gba ẹnu wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, “Mo kọ ikú rẹ̀, mo fà á ya, mo tún un kọ. Kò wù mí. Ìdí tí mo fi sá lọ ilé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, n kò fẹ́ wà níbí tí ẹ bá ń yà á.” Inú mi bà jẹ́ fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n nítorí ẹnu mi tó mú. Ọ̀gá ní atẹ̀wé ti ń tún un tẹ̀, àti pé Ajẹ́pè tún ní odidi ọdún kan. Mo tú búrọ́ọ̀ṣì mi sórí tábìlì níbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan kù. Bọ̀dá Pupa ti kọ ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun: “Ẹnì kan rọra pè é láti ọ̀nà jíjìn. Ajẹ́pè yíjú padà.” Ojú rẹ̀ ni gbogbo ayé fẹ́ rí, kò sì sí ayàwòrán. Àwọn kan ti wá dán an wò. Ẹnì kan yà á bí ọ̀gá iléèwé tí wọ́n jí kóòtù rẹ̀. Ẹnì kejì yà á tó rẹwà gan-an, àmọ́ obìnrin náà kò jọ ẹni tó ń gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá ní bí oṣù yìí bá parí láìsí ẹni tó mọ ojú rẹ̀ yà, òun á padà sórí ọ̀rọ̀ òun àkọ́kọ́.

Mo mọ èsì rẹ kí o tó fọhùn. O ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ọwọ́ rẹ ti gan, pé láti ìgbà tí o ti bí ìbejì, ìwọ àti pẹ́ńsù ti di àlejò ara yín. Irọ́ ni. Ní igun ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn kan náà, o ya àwọn ìbejì níbi tí wọ́n ti sùn, ẹnu wọn là, ẹsẹ̀ ọ̀kan wà lójú èkejì. Bóyá o ń ronú lọ nígbà tí o yà á. Má bínú sí mi, mo gé igun náà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀gá ń kọjá lọ, ó dúró, ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé ta ló yà á. Mo sọ fún un. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ lónìí, kí n má dúró dọ̀la, àti pé kò pọn dandan kí o kúrò nílé, ibẹ̀ ni wàá ti máa yà á tí wàá máa fi ránṣẹ́.

Mo di bébà mọ́ lẹ́tà yìí. Tí o bá ṣí i, wàá rí i pé mo ti ṣe ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú iṣẹ́ wa, mo kùn kí ayàwòrán tó yà. Mo ti kun aṣọ náà sílẹ̀, àwọ̀ ìborùn ìyá rẹ. Ibi tí ojú máa wà ni mo fi sílẹ̀ ní funfun. Ìwọ lo sọ pé tí wọ́n bá pe Ajẹ́pè, bó ti wù kí ohùn náà kéré tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo ti pè ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fi ọwọ́ pa orúnkún ìyá rẹ̀. Ìyá tó ń ta ìwé kí ọ, Bọ̀dá Pupa náà kí ọ, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, àwọn á máa kọ orúkọ ohun tí àwọn ń rí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ni, kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Sọ fún ọmọ mi tó ń fi ojú sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí wọ́n pa iná lálẹ́ òní. Sọ fún un pé Ajẹ́pè kò kú, àti pé ìyá òun gan-an ló ń ya ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Má sọ mí di òpùrọ́.

                                        Èmi tí mo po ọ̀dà sílẹ̀ dè ọ́,
                                        Ọlọ́dà.