Ẹni Méjì Ni Wọ́n Máa Ń Kà Mí Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má pòṣé sí mi... mo sanra. Àbí kí n ní mo sanra tẹ́lẹ̀. Lamordé ni mò ń gbé, lódìkejì odò níbí ní Niamey, ọjà Petit Marché ni mo ti ń ta ata gbígbẹ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi sọdá láràárọ̀. Ìjọba ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé ẹni mẹ́jọ péré ni kó gbé, bàbá ọlọ́kọ̀ wa, ẹ̀yà Zarma tó nilẹ̀ níbí ni wọ́n, wọn kì í fi òfin yẹn ṣeré rárá. Wọ́n á dúró létí omi, wọ́n á máa fi ìka kà wá, tó bá kan èmi, ìka méjì ni wọ́n ń nà. Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Madame deux places ni wọ́n ń pè mí, pé àyè ẹni méjì ni mò ń gbà! Èmi náà á ní kí àwọn obìnrin inú ọkọ̀ má jowú, ọkọ wọn ló ń febi pa wọ́n... ta ló fẹ́ fi egungun ṣe ìrọ̀rí? Kò sẹ́ni tó ń jókòó tì mí láti ọdún yìí wá.

Àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá, bàbá kà wá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n na ìka kan. Ìka kan ṣoṣo! Wọ́n tún pe ọmọbìnrin kan kó wá jókòó tì mí. Mo pariwo, mo ní bàbá, ṣé ojú ń dùn yín ni? Wọ́n ní Màdáàmù, ẹ sún, àyè wà. Àyè sì wà lóòótọ́... ọmọ yẹn jókòó tán, àyè ṣì ṣẹ́kù, ọkọ̀ ò tiẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé ẹ̀rín ni.

Inú ti ń run mí tipẹ́, àgbo ni mo fi ń tì í. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n gun ìwọ̀n, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ọkọ̀ ti wọ̀n mí. Dókítà sọ Faransé lọ bẹẹrẹ, mi ò kàwé, nọ́ọ̀sì ló túmọ̀ ẹ̀ sí Haúsá fún mi, ilẹ̀ ló ń wò. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dénú ẹ̀dọ̀. Wọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ mọ́.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdánwò ìkẹyìn ló kù. Ó ń bọ̀ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó padà lọ ṣe é. Tí mo bá sọ fún un, mo mọ ọmọ mi, kò ní padà. Tí mi ò bá sọ ńkọ́, tí mo wá kú kó tó ṣe tán? Ṣé á dárí jì mí? Ìró mẹ́ta ni mò ń ró léra báyìí nínú ooru Niamey, mo dà bí ẹrù tí wọ́n dì gìrìwò sọ́kọ̀ tó ń gba aṣálẹ̀ lọ Agadez... ó lè tan ojú èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò mọ ìró.

Ó sì máa tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, tí èmi àti ẹ̀ bá wọkọ̀, bàbá á na ìka mẹ́ta fún àwa méjèèjì, ọmọ mi á máa rẹ́rìn-ín títí a ó fi dé òdìkejì. Ẹ gbà mí o... ṣé kí n tètè sọ fún un lórí fóònù ni, àbí kí n lọ bẹ bàbá létí omi pé lọ́jọ́ yẹn nìkan, kí wọ́n ṣì na ìka mẹ́ta?