Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì Ń Dúró Dè Yín ní Jọ́ọ̀sì

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú yín láti Jọ́ọ̀sì níbí. Ẹ bá mi kí Mọ́ọ̀mi, mo ní ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́. Ẹ bá mi kí Bọ́ládé àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí. Kó kà á sókè kí àwọn ọdẹ àdúgbò gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ ìwé. Ọmọbìnrin Alhaji ọ̀gá mi, tó gbọ́ Yorùbá, tó ń lọ sí yunifásítì ní Bauchi Road, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní a kì í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nílé wa.

Ọyẹ́ ti dé. Èmi tí mo máa ń bọ́ ẹ̀wù kọ ebè, súwẹ́tà méjì ni mo ń wọ̀ sùn níbí. Ní Angwan Rogo tí mo ń gbé, Hausa ni gbogbo agbo ilé ń sọ. Nígbà mìíràn ilẹ̀ á ṣú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí ní Àkànní.

Rájí awakọ̀ tó ń ti ilé wa wá síbí ló sọ fún mi pé ẹ ti fi wáyà so ọ̀pá ṣakabùlà yín tó là, pé ẹ ṣì ń yìn ín, àti pé iná ẹ̀tù ti jó irun ojú yín. Láti ọjọ́ náà n kò sùn dáadáa. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀ yín, ẹ ní ìbọn náà dàgbà ju òun lọ, kó bọ̀wọ̀ fún un. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Alhaji fẹ́ràn ìbọn àtijọ́, àwọn ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀kan gun orí èkejì. Ọwọ́ àwọn òyìnbó awakùsà tó ń padà sílùú wọn ló ti rà wọ́n. Ọyẹ́ a máa la igi ìdí wọn, èmi ni mo ń fi òróró pa wọ́n. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò sẹ́ni tó lè fi pa nǹkan. Alhaji yìn ín títí, ẹyẹ ń fò lọ. Wọ́n ní ìbọn afọ́jú ni.

Ní Sátidé kan, lẹ́bàá àwọn kòtò kùsà lẹ́yìn ìlú, Alhaji ní kí n gbé ìbọn afọ́jú náà yìn, kí n má kàn máa ru àpò. Mo gbé e sí èjìká òsì bí ẹ ti kọ́ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bọ́ sí ibì kan tó ti dán lára igi náà. Ọ̀wọ́ ẹyẹ ẹtù fò dìde. Ẹnu ìsàlẹ̀ dún, ọ̀kan já bọ́. Ẹnu òkè dún, òmíràn já bọ́.

Alhaji gba ìbọn náà, ó wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Ó ní wọ́n tẹ igi náà sí òsì ni, pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n ṣe é fún. Ó bi mí ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, àwọn ọdẹ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ ìdọ̀tí ló fi ń yìnbọn. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń gbọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?

Bàbá, Alhaji ní tiyín ni ìbọn náà. Ṣùgbọ́n òun kò ní fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, èmi pàápàá, àfi kí ẹ wá gbà á fúnra yín. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín gùn lápá, a gbọ́dọ̀ gé ìdí rẹ̀ kó bá apá yín mu. Káfíńtà Hausa tí yóò gé e fẹ́ wọn apá mi dípò tiyín. Bahago ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn. Mo kọ̀. Apá yín tó ti kọ ebè láti ìgbà èwe títí dọjọ́ ogbó, tó sì ti ká díẹ̀ ní ìgúnpá, kì í ṣe irú tèmi.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ rí yín mọ̀nà ilé. Olórí kunkun lèmi náà, ẹ mọ ibi tí mo ti mú un. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ yín. Tí iṣu bá ti wọ àká, ẹ bá Rájí wọ ọkọ̀. Màá bọ́ súwẹ́tà kan fún yín. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣakabùlà kọ́ sára ògiri.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní fọ́, apá yín kò ní rọ. Mo kí gbogbo ilé, tèwe tàgbà. Káfíńtà ń béèrè lójoojúmọ́ ìgbà tí òun yóò fi ayùn kan igi náà. Mo ní kó ní sùúrù, apá tó ni ín ń bọ̀ lọ́nà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní