Màámi Ń Sùn

Ọjọ́bọ̀, Collegno, ní Ítálì

Ọ̀la ni màá gbèjà tesi mi, ìwé àṣekágbá yunifásítì, níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n òpìtàn ará Scotland tí mo ń kọ̀wé lé lórí, ará ayé àtijọ́ yẹn, kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó lọ gba oyè nílùú mìíràn. Kó tó padà dé, ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Mo pe ilé lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Fẹ́mi, ló gbé fóònù Màámi.

"Màámi ń sùn."

"Àná náà, ẹ ní wọ́n ń sùn."

"Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ṣáà parí tesi ẹ ná."

Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fa àga lẹ́yìn rẹ̀, àga púpọ̀. Ẹnì kan ń kọrin ìsìn jẹ́jẹ́.

Màámi kì í sùn lọ́sàn-án. Wọ́n ní ìwà ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ń kàwé ní ìlú Brescia níbí, ìgbà tó ṣe ìdánwò tán ni wọ́n tó túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Mo fẹ́ bi Bọ̀dá léèrè. Mo la ẹnu, ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ má jí wọn o."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.