Ogójì Akika Tí Mi Ò Pa

Ìwàlẹwà ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Dàda Estate níbẹ̀? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Olúwa kò ní jẹ́ kí ilé gbóná mọ́ yín. Àwa náà ń bẹ láàyè ní abúlé, kòkó ti ń pọ́n, àmọ́ láti àná ni ìyá rẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ sì rèé.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ yunifásítì kan gba Iwaraja wá, wọ́n ń ka ẹran ìgbẹ́ tí a ń pa tí a sì ń tà létí títì. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù jáde, wọ́n ní mélòó ni mo ń pa lọ́dún nínú akika, ẹran tó ní ìpẹ́ lára bí ẹja yẹn. O mọ̀ pé bàbá mi ni ọdẹ, ìbọn rẹ̀ nìkan ni mo jogún. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ wo ni wọ́n máa bi ní irú ìyẹn tó máa ní òun ò pa nǹkan kan? Mo rò pé ẹni tó bá pa jù ni ìjọba máa fún ní ẹ̀bùn, ni mo bá ní ogójì, mo sì fọwọ́ sí i. Ọmọ mi, òkété kan ṣoṣo ló kú nílé wa lọ́dún tó kọjá, ìyá rẹ ló sì fi ọmọ odó pa á.

Wọ́n tún so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ igi nínú igbó, wọ́n ní fúnra rẹ̀ ló ń ya ohun tó bá kọjá. Mo ní fọ́tò ẹni tó máa gba ẹ̀bùn ni wọ́n ń wá. Láràárọ̀ ni mo ń dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì mi, tí mo ń gbé ìbọn kọ́ èjìká lọ síwájú rẹ̀, mo sì ń kí i pé ẹ káàárọ̀ o, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ jù mí lọ.

Àná ni wọ́n padà dé. Kámẹ́rà kò rí akika, kò rí ẹtu, bàbá rẹ nìkan ló rí, lójoojúmọ́. Wọ́n ní èmi ni mo pa ẹran igbó náà tán! Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n máa kọ̀wé kí ìjọba ti igbó náà pa fún ọdún mẹ́ta. Akínladé, olórí àwọn ọdẹ wa, ọ̀yà tó ń tà ló fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ó ní kí n lọ jẹ́wọ́ pé mi ò ṣọdẹ rí. Ojú tì mí gan-an. Ohun tó tún wá dùn mí ni pé ọdún tí a bí ọ ni mo rí akika kẹ́yìn. Ó ká jọ, mo pè é ní òkúta, mo jókòó lé e, nígbà tó mira, èmi ni mo sá. Níbo ni gbogbo wọn wá lọ?

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí o pàdé mi ní Old Garage, kí o mú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹnu tí mo fi pa ogójì ni mo máa fi jí wọn dìde. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ra ẹja inú agolo fún ìyá rẹ, ó ní òun ṣì ń retí ẹran akika.

Olúwa kò ní jẹ́ kí o pa irọ́ tí wọ́n máa kọ sílẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Ajíbádé, ọdẹ inú fọ́ọ̀mù.