Ọkọ̀ Atẹ́gùn tí Mo Fi Bo Bàbá Mi

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Karùn-ún, 2018

Mo ti rà á. Àwòrán àtijọ́, dúdú àti funfun. Ọkọ̀ òfúrufú kan tí wọ́n fi gáàsì kún, ó gùn, ó sì sanra láàárín bí ìbẹ́pẹ, ó ń fò lórí yìnyín níbi tí ayé parí sí. Àwọn èèyàn kéékèèké wà nísàlẹ̀, wọ́n di okùn ẹ̀ mú. Mo ti sọ ọ́ ní Ìbẹ́pẹ. Irú ẹ̀ ló wà ní pálọ̀ Ọ̀gá Kọfí, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tí kì í gbé ife kọfí sílẹ̀. Òun àtìyàwó ẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́la.

Férémù ni kò sí. Sotonye tó ń ṣe férémù ní Rumuokwuta, àdúgbò kan nílùú tí à ń gbé yìí, ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, àfi tí mo bá mú férémù wá fúnra mi. Ọ̀kan ṣoṣo tó tóbi tó ló wà nílé. Èyí tí fọ́tò Bàbá mi tó ti kú wà nínú ẹ̀.

Mo gbé e lọ. Mo ní kó fi Ìbẹ́pẹ síwájú, kí Bàbá wà lẹ́yìn. Ọjọ́ méjì péré.

Kí n kúkú kọ òótọ́ síbí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ férémù. Nínú fọ́tò yẹn, Bàbá jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ n'Ìkàrẹ́, àbùlẹ̀ lórúnkún ṣòkòtò, páǹpù lọ́wọ́, táyà lẹ́sẹ̀. Fọkanáísà ni. Owó atẹ́gùn táyà ló fi rán mi lọ sí yunifásítì. Mo sì ti sọ fún Ọ̀gá Kọfí nígbà Kérésì pé olùbẹ̀wò ilé-ìwé ni Bàbá. Motọ́lání, ìyàwó mi, bi mí bóyá ohun tí mò ń ṣe yìí dáa. Mo ní kó gbájú mọ́ ọbẹ̀ ẹ̀.

Àìkú, 6

Wọ́n wá. Ọ̀gá Kọfí wo Ìbẹ́pẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dáa, ó padà sídìí ìrẹsì ẹ̀. Ó tán. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe bo Bàbá.

Ìṣẹ́gun, 8

Mi ò tíì dá Bàbá padà. Lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 10

Màmá dé láti Ìkàrẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó ní ṣé òun gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kóun tó wá sílé ọmọ òun ni. Awọ funfun tó bo ojú ẹ̀ ti nípọn sí i. Ọdún méjì la ti ń bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n bá a yọ ọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀, ẹnì kankan ò ní fi ọ̀bẹ kan ojú òun.

Ẹtì, 11

Aago mẹ́fà àárọ̀. Màmá fọwọ́ wá ara ògiri pálọ̀ títí ó fi kan férémù, èyí tó ní òdòdó gbígbẹ́ létí. Òun ló rà á nígbà ìsìnkú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Bàbá yà láyé ẹ̀ ló rà á fún. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Rótìmí."

Kì í ṣe àdúrà, kíkí lásán ni, bó ṣe máa ń kí i nígbà ayé ẹ̀. Ó ròyìn ìrìn àjò fún un. Ó ní ewúrẹ́ Sàdíátù, aládùúgbò wọn, ti bí méjì. Ó fi etí ìró nu gíláàsì, torí èéfín dúdú inú ìlú yìí kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó ṣe mí bíi kílẹ̀ là kó gbé mi mì. Mo padà sí balùwẹ̀.

Àbámẹ́ta, 12

Ó tún kí i. Ìyanu, ọmọ mi ọmọ ọdún méje, tí Pidgin yọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ju Yorùbá lọ, fà mí láṣọ: "Daddy, why Grandma dey kneel down for balloon?"

Mo ra bísíkíìtì fún un, mo ní kó má sọ fún Grandma. Mo ti ń kọ́ ọ nírọ́ pípa nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 14

Iṣẹ́ Olúwa ni. Màmá fúnra ẹ̀ ló ní ká mú òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kò sọ ohun tó yí i lọ́kàn padà. Motọ́lání ń jó ní kíṣìnnì. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é.

Nídìí oúnjẹ ó ní, "Tí wọ́n bá ṣí ojú mi tán, bàbá ẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí." Mo fọ ọwọ́, mo dìde nídìí ẹ̀bà.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo yà lọ́dọ̀ Sotonye lẹ́yìn iṣẹ́, mo ní mo fẹ́ yọ tẹ̀yìn síta. Ó ní, "Oga, I don gum the two together o."

Mo bínú. Mo bi í ta ló rán an níṣẹ́ gọ́ọ̀mù. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "I ask you who be the man. You say na nobody."

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé yìí níjọ́ náà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àní síbi tí kò sẹ́ni tó ń kà á.

Àbámẹ́ta, 19

Màmá bá Motọ́lání lọ sípàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo sáré gbé férémù lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, sùúrù. Sotonye gbìyànjú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ìbẹ́pẹ ṣí kúrò lódindi. Ojú Bàbá bá a lọ, ó lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù: orúnkún alábùlẹ̀, ọwọ́, páǹpù.

Mo kó o sínú àpòòwé. Mo dá Ìbẹ́pẹ padà sára ògiri. Kí ni mi ò bá gbé síbẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 22

Wọ́n ti ṣe é, ojú ọ̀tún. Ó di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi gbé e wọlé. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 23

Wọ́n tú báńdéèjì. Nínú mọ́tò, ó wò mí dáadáa, ó ní, "O ti ń hewú." Inú ẹ̀ ń dùn títí a fi délé ní Mgbuoba. Kò bọ́ bàtà. Ògiri ló kọjú sí.

Kó tó bèèrè, mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, Ọ̀gá Kọfí, gọ́ọ̀mù, àti pé mo ní Bàbá kì í ṣe ẹnì kankan. Mo gbé àpòòwé fún un. Ó tẹ́ ìyókù ọkọ ẹ̀ sórí itan, ó fi ìka tọ ọwọ́ tó di páǹpù mú.

Ó bèèrè ohun tó wà lára ògiri. Mo ní ọkọ̀ tí wọ́n fi atẹ́gùn kún ni. Ó ní ta ló fún un ní atẹ́gùn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó mi orí, ó ní bàbá mi ì bá bá wọn fún un.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. "Látọjọ́ tí mo ti dé, funfun ni mò ń rí níbẹ̀. Mo ní ojú mi ti bàjẹ́ débi tí mi ò rí ọkọ mi mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí lójú." Ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀. "Mo kúkú ríran, Rótìmí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo rí."

Ọjọ́bọ̀, 24

Màmá jí. Ó gba abẹ́ férémù kọjá, kò kúnlẹ̀. Ó fẹ́ máa lọ ní Àbámẹ́ta, ó ní kí n yọ ọkọ̀ mi kúrò nínú férémù òun.

Mo ti yọ ọ́. Mo yí i padà, mo wá ojú Bàbá. Ó wà níbẹ̀, ó lẹ̀ pinpin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé nìkan ni mo rí. Ó kọjú sí yìnyín, ó kẹ̀yìn sí mi.